POISON: Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan tí Ó Yẹ kí Gbogbo Ilé Mọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti lè ka ìwé yìí fúnra yín, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Lónìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Kí ni a fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìjọba ní ilẹ̀ wa. Yorùbá ni a sì ń kọ́ ní kíláàsì wa. Ta ni yóò bá wa sọ Gẹ̀ẹ́sì?"

Ìbéèrè náà dára. Èsì rẹ̀ wà nínú ilé yín. Ẹ wo igun yàrá, ẹ wo orí àjà, ẹ wo abẹ́ ibùsùn. Ṣé ìgò oògùn koríko wà níbẹ̀? Ṣé ike oògùn tí a ń fọ́n sí òwú tàbí sí ẹ̀wà wà níbẹ̀? Ṣé ìgò kékeré tí a fi ń pa eku wà níbẹ̀? Níbo ni a ti rà wọ́n? Ní ọjà ni. Níbo ni ọlọ́jà ti kó wọn wá? Púpọ̀ nínú wọn, láti Nàìjíríà ni. Ẹnubodè kò jìnnà sí wa. Láti Kétu, láti Pọ́bẹ̀, láti Àjàṣẹ́, ẹni tí ó gun alùpùpù lè lọ kí ó sì bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọjà ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ sí i lára ń bá a wọlé. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ̀ pé ará Sábẹ tàbí ará Atakpamé ni yóò rà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìgò kò bi ẹnikẹ́ni léèrè èdè tí ó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí:

POISON

Ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́tà mẹ́fà ni. Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀: P, O, I, S, O, N. Bí a bá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, báyìí ni yóò rí: poison. Ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Ẹ mú wàláà yín àti ẹfun ìkọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má kánjú. Lẹ́yìn náà, ẹ bo èyí tí ó wà nínú ìwé, kí ẹ sì kọ ọ́ láìwò ó.

Báwo ni a ṣe ń pè é? P òyìnbó kì í ṣe P tí a fi ń pe "pápá". Ètè nìkan ni a fi ń pè é, ó súnmọ́ B wa. S tí ó wà láàárín rẹ̀ sì ń dún bí ariwo oyin tí ó ń fò. Àwọn ará Nàìjíríà tí wọ́n ń sọ Yorùbá a máa pè é ní "pọ́ísìn". Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ ohun tí ẹ ń wí. Bí ẹ kò bá sì lè pè é rárá, kò burú. Ojú ni a fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá rí ejò kò nílò láti mọ bí ejò ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ó tó sá.

ẸNU MÉJÌ, Ọ̀RỌ̀ KAN

Ohun ayọ̀ kan wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ́ yìí, Faransé pẹ̀lú ní in. Lẹ́tà mẹ́fà kan náà ni Faransé fi ń kọ ọ́: POISON. Ìtumọ̀ kan náà ni. Ẹnu ni ó yàtọ̀, nítorí ọ̀nà tí Faransé ń gbà pè é kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́ ọ̀rọ̀ kan yìí ti kọ́ méjì. Ì báà jẹ́ Kutọnu ni ọjà ti wá, ì báà jẹ́ Èkó, ojú yín yóò dá a mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Faransé tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó jọ ọ́ bí ìbejì:

POISSON

Ẹ kà á. P, O, I, S, S, O, N. Lẹ́tà méje ni. S méjì ni ó wà láàárín rẹ̀. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹja ni. Ẹ ó rí i lára agolo sadíìnì, ẹ ó rí i lára páálí ẹja yìnyín. S méjì, ẹ jẹ ẹ́. S kan, ẹ má ṣe fi kàn ẹnu. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tí ó sọ pé lẹ́tà kan kò ju lẹ́tà kan lọ kò mọ ohun tí ó ń sọ?

KÍ NI ÌTUMỌ̀ RẸ̀?

POISON ni májèlé. Ohunkóhun tí ó bá wọ inú ara tí ó sì lè ba ara jẹ́ tàbí kí ó pa ènìyàn, POISON ni. Ó lè gba ẹnu wọlé. Ó lè gba imú wọlé, nígbà tí a bá fa èéfín tàbí ìkùukùu rẹ̀. Ó sì lè gba awọ ara wọlé, nígbà tí ó bá dà sí wa lọ́wọ́ tàbí lẹ́yìn tí a pọn ẹ̀rọ ìfúnkò tí ó ń jò. Ọ̀nà mẹ́ta ni. Ẹ rántí wọn: ẹnu, imú, awọ ara.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará Róòmù ní ọ̀rọ̀ kan, potio. Ohun mímu ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni Faransé ti mú poison jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, poison lè jẹ́ àgbo tí a fún aláìsàn mu kí ara rẹ̀ lè yá. Ó sì lè jẹ́ ohun mímu tí a fi pa ọ̀tá. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandí láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì jọba níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé púpọ̀ bá wọn wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. POISON wà lára wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìtumọ̀ rere kúrò lára ọ̀rọ̀ náà, ti ikú nìkan ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí èdè tiwa. Kí ni a ń pe hóró tí a fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná? Oògùn. Kí ni a ń pe èyí tí a fi ń pa eku? Oògùn eku. Èyí tí a fọ́n sí koríko ńkọ́? Oògùn koríko. Èyí tí a dà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́? Oògùn ẹ̀wà. Oògùn, oògùn, oògùn. Àgbà mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ńkọ́? Oògùn ni ìyá rẹ̀ fún un ní ìjẹta tí ara rẹ̀ fi yá. Bí ó bá rí ìgò kan lónìí, tí ó ti gbọ́ pé oògùn ni, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ kí ó má mu ún?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí. Láti òní lọ, nínú ilé yín, ẹ pe ohun tí ń pa ní orúkọ rẹ̀. Ẹ má pè é ní oògùn eku mọ́. Ẹ pè é ní májèlé eku. Ẹ má pè é ní oògùn koríko. Ẹ pè é ní májèlé koríko. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé gbọ́ orúkọ náà kí ẹ̀rù sì bà á. Ọ̀rọ̀ kò náni lówó, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ̀mí là.

BÍ A ṢE Ń RÍ I LÁRA ÌGÒ

Kì í ṣe gbogbo ìgò ni a kọ POISON sí gàdàgbà. Nígbà mìíràn ó kéré, ó wà ní ìsàlẹ̀, láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ wá a. Bí ẹ bá rí i níbikíbi, ohun tí mo wí ni ó túmọ̀ sí.

Àmì kan wà tí ó máa ń bá a rìn. Orí òkú ni, pẹ̀lú egungun méjì tí a gbé kọ ara wọn. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè ka èyí. Nígbà mìíràn, àmì náà wà nínú igun mẹ́rin tí ó dúró lórí ṣóńṣó, tí etí rẹ̀ sì pupa. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín.

Lára ọ̀pọ̀ ike májèlé oko, ẹ ó tún rí ọ̀já àwọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ ìwé ara rẹ̀. Àwọ̀ náà ń sọ bí agbára májèlé náà ti tó. Pupa ni ó burú jù: díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Àwọ̀ ìyeyè ni ó tẹ̀ lé e: òun náà léwu. Àwọ̀ aró ni ó tẹ̀ lé ìyeyè. Àwọ̀ ewé ni ó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ ewé tàn yín jẹ. Kò sọ pé kí ẹ mu ún. Kò sọ pé kí ẹ fi ọwọ́ lásán pò ó. Ohun tí ó ń sọ ni pé agbára rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù.

Èyí tí kò ní ìwé kankan lára ńkọ́? Irú rẹ̀ pọ̀ ní ọjà. Ẹ mọ ìgò kékeré tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ọ̀tapiapia, tí wọ́n ń kiri lórí àtẹ fún eku, ẹ̀fọn àti aáyán. Ohun tí ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni májèlé tí a ń pè ní dichlorvos. Májèlé náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, NAFDAC, fi gbẹ́sẹ̀ lé títà ìgò kékeré rẹ̀ ní ọdún 2019. Ìgò tí kò ní ìwé lára kò ní ohun tí yóò sọ fún yín. Ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ ohun tí ẹ ó sọ fún dókítà bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má rà á.

Àwọn kan tilẹ̀ ń da dichlorvos yìí sí ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ, kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ yẹ ẹ̀wà gbígbẹ tí ó wá láti Nàìjíríà wò, wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn òyìnbó kọ̀ láti jẹ ẹ́. Ṣé àwa ni kí a wá jẹ ẹ́? Ọ̀nà mìíràn wà. Àpò onípele mẹ́ta wà, ọ̀rá méjì nínú, àpò líle lóde. Bí ẹ̀wà bá gbẹ dáadáa, tí a rọ ọ́ sínú rẹ̀, tí a sì di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin, kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí. Yóò kú fúnra rẹ̀. Kò sí POISON nínú èyí rárá.

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ KÌ Í BÁ OMI RÌN

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wúwo jù ni mo dé yìí. Ẹ fi etí sílẹ̀.

Ara ìgò ni ọ̀rọ̀ POISON wà. Kò sí nínú omi tí ó wà nínú ìgò. Bí ẹ bá da omi náà sínú ìgò mìíràn, omi lọ, ọ̀rọ̀ kò lọ. Ẹ ti fi ẹni tí ń kìlọ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, ẹ sì ti mú ẹni tí ń pa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan ra májèlé koríko, ike lítà márùn-ún. Àbúrò rẹ̀ tọrọ díẹ̀. Bàbá bù ú fún un nínú ìgò ọtí dídùn. Àbúrò gbé e dé ilé, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Ọmọ rẹ̀ ti oko dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ọmọ náà ti mọ ìwé kà. Ó ka ohun tí a kọ sí ara ìgò. Kí ni ó kà? Orúkọ ọtí dídùn. Ìwé tí ó mọ̀ kò gbà á, nítorí ìgò náà parọ́ fún un.

Ẹ má sọ pé àpẹẹrẹ lásán ni. Májèlé koríko kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ paraquat. Láti ọdún pípẹ́ ni ó ti ń pa àwọn tí wọ́n ṣèèṣì mu ún, nítorí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu. Àwọ̀ rẹ̀ látijọ́ dúdú díẹ̀, ó jọ ọtí dídùn dúdú tí gbogbo wa mọ̀. Ìgbà tí ikú pọ̀, àwọn tí ń ṣe é wá fi aró sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀, wọ́n fi òórùn búburú sí i, wọ́n sì fi ohun tí ń mú ènìyàn bì sí i. Síbẹ̀ ó ṣì ń pa ènìyàn. Ẹnu kan péré nínú ògidì rẹ̀ lè pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn kan tí ó dájú pé yóò pa agbára rẹ̀.

Ìlú tiwa gan-an ti rí i. Ní ọdún 1999, wọ́n mú májèlé òwú kan tí ń jẹ́ endosulfan wá fún àwọn àgbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, nítorí kòkòrò òwú kò kú mọ́ nípa ti àtijọ́. Láàárín ọdún 1999 àti 2000, ènìyàn púpọ̀ kú ní ìhà Borgou, níbi tí òwú pọ̀ sí. Kì í ṣe ẹni tí ń fọ́n ọn nìkan ni ó kú. Ó pa àwọn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí ó ti kàn, ó sì pa àwọn tí wọ́n fi ike rẹ̀ mu omi. Ní ọdún 2011, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé fi ẹnu kò pé kí a mú endosulfan kúrò ní ayé.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ òfin mẹ́rin yìí:

1. Májèlé kì í kúrò nínú ìgò tí a rà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ díẹ̀, kí ó mú ẹ̀rọ ìfúnkò rẹ̀ wá, kí a bù ú sí i níbẹ̀.

2. Ike májèlé kì í di ike omi, kì í di ike epo, kì í di ike gàrí. Bí ẹ tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà méje, ike ti mu májèlé sára. Ẹ lu ú ní ihò kí ẹnikẹ́ni má bàa lè lò ó mọ́.

3. Ẹ gbé májèlé sí ibi gíga, kí ẹ tì í, kí ó jìnnà sí oúnjẹ àti sí ibi tí a ń sùn.

4. Ẹ má ṣí ìwé ara rẹ̀ kúrò. Ìwé yẹn ni ẹnu tí ìgò fi ń sọ̀rọ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÒ Ó NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ OJOOJÚMỌ́

Àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kì í lo ọ̀rọ̀ yìí fún ìgò nìkan. Nígbà mìíràn, wọ́n fi ń ṣe àwàdà. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọtí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè bi í pé, "Èwo ni poison tìrẹ?" Ohun tí ó ń bi í ni irú ọtí tí ó fẹ́ mu. Wọ́n tún ní òwe kan tí ó sọ pé ẹran tí ẹnì kan jẹ tí ó dùn mọ́ ọn, poison ni fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà lò ó tí ó ti dá ìjà sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá lọ sí ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, tí inú ń run ún, tí ó ń bì, tí ó sì ń yàgbẹ́, dókítà lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé food poisoning. Food ni oúnjẹ. Ẹni tí ó mọ ìdajì Gẹ̀ẹ́sì yóò ka oúnjẹ, yóò ka májèlé, yóò sì pariwo pé: "Ẹ gbà mí! Wọ́n ti fún mi ní májèlé jẹ!" Ojú rẹ̀ yóò lọ sí ara ìyàwó, sí ara orogún, sí ara aládùúgbò tí ó gbé ọbẹ̀ wá. Ilé yóò dàrú.

Ẹ jọ̀wọ́, dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Food poisoning kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan fi májèlé sí oúnjẹ. Ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ náà ti bàjẹ́, tàbí pé kòkòrò àìfojúrí ti wọ inú rẹ̀. Ọbẹ̀ àná tí a kò gbé kaná, ìrẹsì tí ó sun ìta, ẹran tí eṣinṣin ti bà lé, ọwọ́ tí a kò fi ọṣẹ fọ̀ kí a tó se oúnjẹ: àwọn wọ̀nyí ni ó ń fà á. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ìmọ́tótó ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sùn.

Májèlé lè wà kí ọ̀tá má sì sí. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé kú. Àwọn òbí wọn ń wa wúrà. Wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ wá sílé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń lọ̀ ọ́. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì kún inú agbo ilé. Àwọn ọmọ ń ṣeré nínú erùpẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kan náà jẹun. Ta ni ó fún wọn ní májèlé? Kò sí ẹnì kan. Àìmọ̀ ni.

Àwa náà ní májèlé tí Ọlọ́run dá mọ́ oúnjẹ wa. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní POISON nínú. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti mọ bí a ṣe ń lé e jáde: wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fi sínú àpò kí ó kan, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì ń yan án kí ó di gàrí. Ẹni tí ó bá kánjú tí ó fo ọ̀kan nínú iṣẹ́ yìí, ara rẹ̀ ni ó ń ṣe é sí.

BÍ ẸNÌ KAN BÁ TI GBÉ E MÌ

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ewu a máa yọ́ wọlé. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ má fi ìka há a lọ́fun kí ó lè bì. Májèlé tí ó jó o nígbà tí ó ń lọ sísàlẹ̀ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀ lókè, ó sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá wa gbà pé epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé. Ṣùgbọ́n epo kò pa agbára májèlé oko, àwọn májèlé kan tilẹ̀ wà tí ọ̀rá ń bá wọn tètè wọ inú ara. Wàrà náà kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tí atẹ́gùn wà. Bí májèlé bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti dákú, ẹ má fún un ní ohunkóhun mu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa fún un lọ́rùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí ẹ sì mú ìgò náà dání, pẹ̀lú ìwé ara rẹ̀. Dókítà kò lè fi ojú mọ irú májèlé tí ó wà nínú ikùn ènìyàn. Ìwé ara ìgò ni yóò sọ fún un.

IṢẸ́ ILÉ

Ẹ̀yin ará wa, iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fún yín kí a tó tún pàdé.

Èkíní: ẹ kọ POISON àti POISSON sí orí wàláà, kí ẹ sì sọ fún ara ilé yín èwo ni ẹja, èwo ni májèlé.

Èkejì: ẹ yẹ gbogbo ìgò àti ike inú ilé wò. Èyí tí ẹ bá rí POISON tàbí orí òkú lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ibi gíga lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la má bàa mọ́ bá a níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ wá ẹnì kan ní àdúgbò yín tí kò mọ ìwé, kí ẹ fi àmì orí òkú àti ọ̀rọ̀ yìí hàn án. Má sọ pé, "Èmi ti mọ̀ ọ́n, ó tó." Ọmọ aládùúgbò tí kò mọ̀, inú àgbàlá yín náà ni ó ti ń ṣeré.

Ọ̀rọ̀ kan ni a kọ́ lónìí, lẹ́tà mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ mọ̀ nínú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti mọ èyí tí ó yẹ.